Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á: Ìtàn ìyà àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìgbàlódé

Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹta, ọdún 2007, awakọ̀ takisí kan ń darí bọ̀ wálé láti ilé ìwòsàn Yunifásítì Ajou ní ìlú Suwon, ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Kòríà. Kì í ṣe èrò ló gbé lọ́jọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Hwang Yu-mi, ló wà ní ìjókòó ẹ̀yìn pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ó ti tó nǹkan bí ọdún méjì tí àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ti ń bá ọmọ náà fínra. Kí ọkọ̀ tó dé ìlú Sokcho tí í ṣe ilé wọn, ọmọ ti dákẹ́. Kò tíì ju ẹni ọdún méjìlélógún lọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó wọ bàtà bá kú kó tó sọ ibi tó ti ń ta á ńkọ́? Ta ni yóò sọ ọ́? Ta ni yóò sì gbà á gbọ́? Ìbéèrè yìí ló sọ awakọ̀ takisí náà, Hwang Sang-gi, di ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé. Òun náà ló wà nídìí gbogbo òfin àti ìlànà tí wọ́n ti ń ṣe láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn láti dáàbò bo àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe kọ̀ǹpútà, fóònù àti tẹlifíṣàn tí gbogbo ayé ń lò.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Hwang Yu-mi nígbà tí ó wọṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Samsung tó wà ní Giheung ní oṣù kẹwàá ọdún 2003. Iṣẹ́ tí gbogbo òbí ń fẹ́ fún ọmọ wọn ni, nítorí pé kò sí ilé-iṣẹ́ tó lórúkọ tó Samsung ní Kòríà. Ohun tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kó máa ri àwọn àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣe chip bọ inú kẹ́míkà, kó sì máa yọ wọ́n jáde. Chip yìí ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti fóònù. Aṣọ funfun tó bo ara láti orí dé ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀ síṣẹ́. Ẹni tó bá rí wọn lókèèrè yóò rò pé òṣìṣẹ́ ni aṣọ náà ń dáàbò bò. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Chip ni aṣọ ọ̀hún ń dáàbò bò, kí eruku àti irun ara ènìyàn má baà bà á jẹ́. Wọn kò rán an láti dènà òórùn kẹ́míkà.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2005, àwọn dókítà sọ fún un pé jẹjẹrẹ ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, Lee Suk-young, obìnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ojú kan náà, kú. Àrùn kan náà ló pa á. Hwang Sang-gi kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò. Ènìyàn méjì ló ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ kan, àrùn tí kò wọ́pọ̀ sì mú àwọn méjèèjì. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo: kí ni ọmọ mi ń fi ọwọ́ kàn níbi iṣẹ́?

Ìdáhùn kò wá. Ilé-iṣẹ́ náà ní iṣẹ́ kọ́ ló fa àìsàn náà. Nígbà tí àwọn ènìyàn sì béèrè orúkọ àwọn kẹ́míkà, èsì tí wọ́n gbà ni pé àṣírí òwò ni. Hwang Sang-gi sọ fún àwọn oníròyìn lẹ́yìn náà pé wọ́n fi bílíọ̀nù kan owó won lọ òun kí òun lè dákẹ́, òun sì kọ̀ ọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, òun àti àwọn agbẹjọ́rò, àwọn dókítà pẹ̀lú àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ òṣìṣẹ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Banollim. Láìpẹ́, àwọn ẹbí mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, tọmọtọmọ wọn tàbí pẹ̀lú àwòrán ọmọ tó ti lọ.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí dunni ju ikú lásán lọ ni pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ yóò jáde. Wọ́n ti béèrè rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó bí Hwang Yu-mi.

Ní California, ní àfonífojì tí ayé ń pè ní Silicon Valley, ni iṣẹ́ chip ti kọ́kọ́ gbòòrò ní àwọn ọdún 1960 àti 1970. Àwọn aláṣẹ máa ń fọ́nnu pé iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní ni, iṣẹ́ tí kò ní èéfín, tí kò dà bí ilé ìyọ́rin tàbí ibi ìwakùsà. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe é, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àjèjì tó wá láti Mẹ́síkò, Philippines àti Vietnam. Ní ìparí ọdún 1981, àṣírí tú ní gúúsù ìlú San Jose pé kẹ́míkà ti jò láti inú táǹkì tí ilé-iṣẹ́ Fairchild rì mọ́lẹ̀, ó sì ti wọ inú kànga tí àwọn ará àdúgbò ń mu. Àwọn ìyá tí ọmọ wọn ń ṣàìsàn, tí oyún sì ń bàjẹ́ mọ́ lára, kóra jọ, wọ́n béèrè ohun tó wà nínú omi. Títí di òní, ó lé ní ogún ojúkò tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ sílẹ̀ ní àgbègbè Santa Clara yìí pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó gba àbójútó àkànṣe.

Bí omi ṣe bàjẹ́ níta ló mú kí àwọn ènìyàn béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Ní ọdún 1986, àwọn olùwádìí Yunifásítì Massachusetts kéde ohun tí wọ́n rí ní ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation ní ìlú Hudson. Ní apá kan nínú iṣẹ́ chip níbẹ̀, oyún ń bàjẹ́ mọ́ àwọn obìnrin lára tó ìlọ́po méjì ti àwọn tí kò sí nídìí iṣẹ́ náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ ṣe iyèméjì. IBM ní kí Yunifásítì Johns Hopkins wádìí tirẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn aṣechip ní Amẹ́ríkà náà gbé ìwádìí mìíràn fún Yunifásítì California ní Davis. Nígbà tí èsì méjèèjì jáde ní ọdún 1992, wọn kò tako ti àkọ́kọ́. Wọ́n tọ́ka sí irú àwọn kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní glycol ether. Ẹgbẹ́ àwọn aṣechip jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn yóò mú un kúrò nínú iṣẹ́ àwọn.

Ó yẹ kí ìtàn parí síbẹ̀. Ìbéèrè wà, ìwádìí wà, àtúnṣe sì tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ní àkókò tí wọ́n ń ṣe àtúnṣe náà, iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti ń ṣí lọ. Láti àwọn ọdún 1960 ni Fairchild àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kó iṣẹ́ ìtòpọ̀ lọ sí Hong Kong, Kòríà àti àwọn ibòmíràn ní Éṣíà, níbi tí owó iṣẹ́ ti kéré. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1990, Kòríà àti Taiwan kò tò chip mọ́ lásán; wọ́n ti ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀rọ rìn, ìmọ̀ rìn, owó rìn. Ìkìlọ̀ kò bá wọn rìn dọ́gba. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, ìwé ìròyìn Bloomberg Businessweek gbé ìwádìí jáde pé irú kẹ́míkà tí Amẹ́ríkà ti fi sílẹ̀ nítorí oyún àwọn obìnrin rẹ̀ ṣì wà nínú ohun tí àwọn obìnrin Kòríà ń lò níbi iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìlérí náà.

Láàárín ọdún wọ̀nyí náà ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìlànà sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2004, CAFOD, àjọ ìrànwọ́ àwọn ìjọ Kátólíìkì ní England, gbé ìwé kan jáde nípa ìyà tí àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ń jẹ ní Mẹ́síkò, Thailand àti Ṣáínà. Ariwo náà pọ̀. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún yẹn, HP, Dell, IBM àti àwọn ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá wọn ṣe ẹ̀rọ ti fọwọ́ sí ìlànà ìwà kan ṣoṣo. Ó ní kí wọ́n má lo ọmọdé, kí wọ́n má fi tipátipá múni ṣiṣẹ́, kí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan má kọjá 60 wákàtí, kí òṣìṣẹ́ sì ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje. Ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ìlànà náà ti gbilẹ̀ gidigidi. Láti ọdún 2017 ni wọ́n ti ń pè é ní Responsible Business Alliance.

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìlànà yìí kò wúlò. Ibi tí kò sí òfin rárá, ìwé lásán sàn ju òfìfo lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà fi ibi tí agbára rẹ̀ pin hàn. Ní ọdún 2009, ní ìlú Suzhou ní Ṣáínà, ilé-iṣẹ́ Wintek tó ń ṣe ojú fóònù fún Apple fi kẹ́míkà n-hexane rọ́pò ọtí tí wọ́n fi ń nu ojú fóònù, nítorí pé ó tètè ń gbẹ, iṣẹ́ sì ń yá. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú tìpìrì. Àwọn mìíràn kò lè rìn dáadáa mọ́. Nínú ìròyìn tí Apple fúnra rẹ̀ gbé jáde ní oṣù kejì ọdún 2011, ó gbà pé òṣìṣẹ́ 137 ni kẹ́míkà náà pa lára. Ní ọdún 2014 ló tó fi òfin de n-hexane àti benzene níbi tí wọ́n ti ń to ẹ̀rọ rẹ̀ pọ̀ kẹ́yìn.

Ní ọdún 2010 kan náà tí àwọn òṣìṣẹ́ Wintek ń dáṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ bíi mélòó kan gba ẹ̀mí ara wọn ní ọgbà ńlá Foxconn ní Shenzhen, ayé sì mì. Nígbà tí àjọ Fair Labor Association wọ ilé-iṣẹ́ Foxconn mẹ́ta ní ọdún 2012, tí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ wá àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 35,000 lẹ́nu wò, wọ́n rí i pé iṣẹ́ kọjá 60 wákàtí lọ́sẹ̀ ní àwọn àkókò kan. Ọdún kẹjọ rèé lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀. Olùyẹ̀wò máa ń wá, ó máa ń wo ìwé, ó sì máa ń lọ. Òṣìṣẹ́ tó mọ ibi tí bàtà ti ń ta á kì í sí nínú ìgbìmọ̀ tó ń kọ ìwé náà.

Ìdí nìyí tí ọ̀nà tí Hwang Sang-gi gbà fi yàtọ̀. Kò dúró de olùyẹ̀wò. Ó gba ilé-ẹjọ́ lọ.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2007 ló kọ̀wé sí àjọ ìjọba Kòríà tó ń san owó gbà-máà-bínú fún àwọn tí iṣẹ́ pa lára. Ní ọdún 2009, àjọ náà ní kò sí ẹ̀rí tó tó. Òfin ni pé ẹni tó ń béèrè owó ni yóò fi ẹ̀rí hàn. Ṣùgbọ́n níbo ni ẹ̀rí náà wà? Ó wà nínú ilé-iṣẹ́. Ta ló mú kọ́kọ́rọ́ ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́? Ẹni tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn ni. Yorùbá ní agbẹ́jọ́ẹnìkandájọ́, òun ni àgbà òṣìkà. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Kòríà tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ní kí olùpẹ̀jọ́ rojọ́, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ wà.

Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹfà, ọdún 2011, ilé-ẹjọ́ kan ní Seoul dájọ́ pé ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ ló fa jẹjẹrẹ tó pa Hwang Yu-mi àti Lee Suk-young. Àwọn mẹ́ta mìíràn tí wọ́n jọ pẹjọ́ kò jàre. Àjọ ìjọba náà gba ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ilé-ẹjọ́ yìí náà fi ọwọ́ sí ìdájọ́ àkọ́kọ́. Ọdún keje rèé lẹ́yìn ikú ọmọ náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà, Kwon Oh-hyun, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá àgbà Samsung, ti tọrọ àforíjì ní gbangba. Ṣùgbọ́n ìjíròrò lórí ẹni tí yóò gba owó àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ ilé-iṣẹ́ dàrú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, àwọn ará Banollim tẹ́ ibùsùn sí iwájú ọ́fíìsì Samsung ní Gangnam. Òjò pa wọ́n, yìnyín bọ́ lé wọn lórí. Ọjọ́ 1,023 ni wọ́n lò níbẹ̀ kí Samsung tó gbà ní ọdún 2018 pé ohun tí àwọn onílàjà bá sọ ni yóò di ṣíṣe.

Ní ọjọ́ 23, oṣù kọkànlá, ọdún 2018, Kim Ki-nam tó ń darí iṣẹ́ chip ní Samsung bọwọ́ lùwé, ó sì tẹríba níwájú àwọn ẹbí. Ó ní ilé-iṣẹ́ òun kò bójú tó ewu tó wà nínú iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ. Àdéhùn náà ní kí wọ́n san owó tó lè tó mílíọ̀nù 150 owó won fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, bó ṣe jẹ́ irú àìsàn tó ń ṣe é, kí ó sì kan àwọn tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ọdún 1984. Hwang Sang-gi wà níbẹ̀. Ó sọ pé kò sí àforíjì tó lè tó fún ohun tí ojú àwọn ẹbí ti rí, síbẹ̀ ó gbà á.

Ṣùgbọ́n ohun tí yóò pẹ́ jù nínú ìjà yìí lè má jẹ́ owó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Kòríà dá ẹjọ́ obìnrin mìíràn tó ṣàìsàn iṣan ara lẹ́yìn tó ṣiṣẹ́ níbi tí Samsung ti ń ṣe ojú tẹlifíṣàn. Àwọn adájọ́ ní bí ẹ̀rí kò bá sí nítorí pé agbanisíṣẹ́ kọ̀ láti sọ ohun tó ń lò, tàbí nítorí pé ìjọba kò wádìí dáadáa, kò tọ́ kí wọ́n ti ìyẹn mọ́ òṣìṣẹ́ lọ́rùn. Àǹfààní òṣìṣẹ́ ni kí wọ́n kà á sí. Gbólóhùn kan yìí yí ẹrù padà. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá pa ẹ̀rí mọ́ kò lè fi àìsí ẹ̀rí jàre pẹ̀lú ìrọ̀rùn mọ́.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ní tiwọn ní ọ̀rọ̀ láti sọ, kì í sì í ṣe irọ́ lásán. Chip wà lára ohun tó ń gbé ọrọ̀ ajé Kòríà ró jù lọ. Àwọn tó ń bá wọn dije ní Ṣáínà àti Taiwan ń wá àṣírí iṣẹ́ wọn tọ̀sán-tòru. Nítorí èyí, ní ọdún 2019, àwọn aṣòfin Kòríà tún òfin ààbò ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣe, wọ́n sì ká ìtújáde ohun tó bá jẹ mọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ pàtàkì orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ kò. Banollim pariwo pé òfin náà yóò tún ti ilẹ̀kùn tí ilé-ẹjọ́ ṣí. Ó yẹ kí onílé pa àṣírí ọbẹ̀ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń mí èéfín inú ilé ìdáná ní ẹ̀tọ́ láti mọ igi tí wọ́n ń dá.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá, nítorí pé ẹ̀rọ tó jáde láti Giheung àti Shenzhen kì í kú síbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn, lẹ́yìn tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà bá ti lò ó tán, máa ń gba èbúté Èkó wọlé gẹ́gẹ́ bí àlòkù. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2018 lórí àwọn èbúté Èkó ní ọdún 2015 sí 2016 fojú bù ú pé nǹkan bí tọ́ọ̀nù 60,000 àlòkù ẹ̀rọ iná ló ń wọlé lọ́dún kan. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Computer Village ní Ìkẹjà àti ní Alábà ń jí ọ̀pọ̀ dìde pẹ̀lú ọgbọ́n tó yẹ kí wọ́n yìn. Àwọn tí kò ṣeé jí mọ́ ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń fọ́ wọn pẹ̀lú òkúta àti òòlù, tí wọ́n ń sun wáyà lórí ààtàn láti yọ bàbà inú rẹ̀. Òjé wà nínú èéfín náà, àti àwọn nǹkan mìíràn tí àwọn tó ń mí i kò gbọ́ orúkọ wọn rí.

Nàìjíríà ní òfin lórí èyí. Láti ọdún 2011 ni ìlànà ti wà pé kí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ tàbí tó kó o wọlé kópa nínú ìnáwó ìpalẹ̀mọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń sun wáyà kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, kò ní ọ̀gá tí wọ́n lè pè lẹ́jọ́, kò sì sí nínú ìlànà tí HP àti Dell fọwọ́ sí ní 2004. Bí ó bá wúkọ́ lọ́dún mẹ́wàá òní, tí dókítà sì béèrè ohun tó fi ọwọ́ kàn, kì yóò rí nǹkan kan tọ́ka sí.

Ìtàn láti San Jose dé Giheung kò fi hàn pé ìlànà kò wúlò. Ó fi hàn pé ìlànà tó ń ṣiṣẹ́ ni èyí tó dáhùn ìbéèrè tí baba kan béèrè lẹ́yìn ìsìnkú ọmọ rẹ̀: kí ló wà nínú ohun tí wọ́n ní kó máa fi ọwọ́ kàn? Níbi tí wọ́n bá ti kọ orúkọ kẹ́míkà sára ògiri kí òṣìṣẹ́ tó wọlé, níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti lè béèrè láìpàdánù iṣẹ́ rẹ̀, tí adájọ́ sì lè sọ fún agbanisíṣẹ́ pé kó ṣí ìwé rẹ̀, ibẹ̀ ni ikú ti ń dínkù. Níbi tó bá jẹ́ ìwé ìlérí nìkan ló wà, ẹbí ni yóò máa ṣe ìwádìí, lẹ́yìn tí ẹni tó mọ ìdáhùn bá ti lọ.